Láti Fọ́ọ̀mù Dé Ìwé Ẹ̀rí: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ilẹ̀ Ṣáínà

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù Owewe gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra láti oṣù Owewe ọdún tí ó ṣáájú. Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ọ̀nà náà kò le bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé kan ń dúró de ìwé mìíràn níbẹ̀: a kò lè gba físà láìsí lẹ́tà ìgbaniwọlé, lẹ́tà ìgbaniwọlé kò lè jáde bí fọ́ọ̀mù kò bá pé, fọ́ọ̀mù kò sì lè pé bí òǹtẹ̀ kan bá ṣì kù nílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba oyè kejì mi níbẹ̀ ni mo ti ń bá àwọn àbúrò wa yẹ ìwé wọn wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, mo sì ti rí i pé kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà. Orúkọ tí kò bára mu ni, ọjọ́ tí ó ti kọjá ni, tàbí fọ́ọ̀mù kejì tí wọn kò mọ̀ rárá pé ó yẹ kí àwọn kún. Bí àwọn ìgbésẹ̀ náà ṣe ń tẹ̀léra ni mo ṣe tò wọ́n síbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan èdè tí ẹ ó fi kẹ́kọ̀ọ́

Kí ẹ tó wo orúkọ yunifásítì kankan, ẹ pinnu bóyá èdè Ṣáínà ni wọn yóò fi kọ́ yín tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpinnu yìí ni yóò sọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ fún yín, irú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ lè béèrè, àti iye ọdún tí ẹ máa lò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti ètò òwò ni wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ti oyè àkọ́kọ́ yàtọ̀: ẹni tí ó bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ṣáínà fún oyè àkọ́kọ́, èdè Ṣáínà ni yóò fi kẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá sì tí ì gbọ́ èdè náà dáadáa, wọn yóò kọ́kọ́ fi í sí kíláàsì ìpìlẹ̀ fún ọdún kan gbáko kí ó tó wọ ẹ̀ka tí ó yàn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń fi èdè Ṣáínà kọ́ni sábà máa ń béèrè HSK, ìyẹn ìdánwò èdè Ṣáínà, ní ìpele kẹrin. Máàkì 300 ni gbogbo rẹ̀, 180 ni ẹni tí ó yege ń gbà, ọdún 2 péré sì ni èsì náà fi ń wúlò fún ìgbaniwọlé, nítorí náà ẹ má ṣe tètè ṣe é jù.

Ẹni tí ó yan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Ṣáínà kí ó tó kúrò nílé. Olùkọ́ lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n alásè ilé oúnjẹ, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú yàrá ìwádìí kò gbọ́ ọ. Mo mọ àwọn tí wọ́n lo ọdún 4 níbẹ̀ tí wọn kò lè ṣàlàyé ibi tí ń dùn wọ́n fún dókítà, ó sì máa ń dùn mí fún wọn.

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí tí ọ̀pọ̀ àlejò mìíràn kò ní. Ohùn ni èdè Ṣáínà fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa: pe ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn kan, ìyá ni, yí ohùn rẹ̀ padà, ó di ẹṣin, tún un yí, ó di èébú, gẹ́gẹ́ bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò ṣe jẹ́ nǹkan kan náà lẹ́nu wa. Ohùn mẹ́rin ni wọ́n ní. Èkíní kò jìnnà sí ohùn òkè inú “wá”. Èkejì, tí ń gòkè, dà bí a ṣe ń pe “é” tí ó parí “ìwé”. Ẹ̀kẹta, nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, sún mọ́ ohùn ìsàlẹ̀ inú “wà”. Ẹ̀kẹrin, tí ń já bọ́ láti òkè, dà bí “ọ̀” tí ó parí orúkọ náà “Táyọ̀”. Ẹ kàn ṣọ́ra fún àmì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní lẹ́tà ábídí, nítorí pé àmì tí ó rí bí àmì ohùn òkè tiwa, ohùn kejì wọn ni ó dúró fún. Ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá gbọ́ èdè yìí, tí kò gba inú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ibẹ̀, yóò tètè mú un. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kíkọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ni, ọwọ́ tí ń kọ àmì kan náà ní ogún ìgbà lójúmọ́ ni ó sì ń mọ̀ ọ́n. Ní Èkó, Ilé Ẹ̀kọ́ Confucius tí ó wà nínú Yunifásítì Èkó ń kọ́ni ní èdè náà. Irú rẹ̀ wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin àti ní Yunifásítì Lomé ní Togo.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ilé ẹ̀kọ́

Ẹ máa gbọ́ orúkọ bíi 211, 985 àti Double First-Class. Àwọn méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ètò tí ìjọba Ṣáínà dá sílẹ̀ ní 1995 àti 1998 láti náwó sórí àwọn yunifásítì kan. Ẹ̀kẹta ni ó rọ́pò wọn ní 2017, àtòjọ rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe ní 2022 sì ní yunifásítì 147. Kí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú àtòjọ yẹn dára, àmọ́ kò tó láti fi yan ibi tí ènìyàn máa lo ọdún 3 tàbí 4. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ wá yunifásítì tí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún un. Hohai ní Nanjing, ọ̀rọ̀ omi àti ìdídò ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Southwest Jiaotong ní Chengdu, ojú irin ni. China University of Petroleum, ní Beijing àti ní Qingdao, epo rọ̀bì ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Northwest A&F ní Yangling àti Nanjing Agricultural University, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà Tsinghua àti Peking, àyè máa ń wà ní irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń wá.

Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìṣègùn ní láti ṣọ́ra ju gbogbo ènìyàn lọ. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ni ìjọba Ṣáínà gbà láyè láti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àlejò ní ìṣègùn. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn ní àtòjọ àwọn tí ó gbà láyè, ẹ sì gbọ́dọ̀ rí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín nínú rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọdún 6 ni ẹ̀kọ́ náà, ilé ìwòsàn ni ẹ ó ti lo ọdún tí ó kẹ́yìn, àwọn aláìsàn ibẹ̀ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá padà sí Nàìjíríà, MDCN, ìgbìmọ̀ tí ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, yóò ṣe ìdánwò fún yín kí ẹ tó lè fọwọ́ kan aláìsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ẹni tí yóò san owó

Ẹni tí yóò san owó ara rẹ̀ yóò rí i pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, owó ẹ̀kọ́ ọdún kan wà láàárín 15,000 sí 40,000 yuan, ti ìṣègùn àti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó tóbi jù ni ti ìjọba Ṣáínà, tí China Scholarship Council ń bójú tó, tí gbogbo wa ń pè ní CSC. Ẹni tí ó bá gba èyí tí ó pé kò ní san owó ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò fún un ní yàrá tàbí owó ilé, wọn yóò san owó adójútòfò ìlera rẹ̀, wọn yóò sì máa fún un ní owó ìgbọ́bùkátà lóṣooṣù: 2,500 yuan fún oyè àkọ́kọ́, 3,000 fún oyè kejì, 3,500 fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ọjọ́ orí ní òdiwọ̀n: ẹni tí ń wá oyè àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 25 lọ, ti oyè kejì 35, ti oyè ọ̀mọ̀wé 40.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà CSC. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Type A gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ṣáínà ní orílẹ̀-èdè yín. Type B gba ọ̀dọ̀ yunifásítì tààrà. Ní Nàìjíríà, ètò BEA tí ìjọba àpapọ̀ fi ń rán ọmọ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ òkèèrè ni ìjọba kéde ní 2025 pé òun ti fòpin sí, àwọn tí wọ́n sì ti lọ ṣáájú ti jìyà owó tí kò dé. Nítorí èyí, Type B ni mo máa ń gba àwọn ọmọ Nàìjíríà níyànjú láti fojú sí jù, nítorí pé láàárín ẹ̀yin àti yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ mìíràn wà tí àwọn ìjọba ìlú àti ẹkùn ń fúnni, bíi ti Shanghai àti ti Beijing, púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì sì ní tiwọn. Ìwọ̀nyí kì í fi bẹ́ẹ̀ lórúkọ, àwọn tí ń béèrè wọn sì kéré.

Fún oyè àkọ́kọ́, ìdánwò tuntun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CSCA ti wọlé fún àwọn tí ń béèrè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba láti 2026. Ìṣirò jẹ́ dandan nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ìṣirò yín wọ àpótí lẹ́yìn WAEC.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tún ìwé yín ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ

Ẹ kó ìwé ìrìnnà yín, ìwé ọjọ́ ìbí, èsì WAEC àti ìwé ẹ̀rí yunifásítì jọ sórí tábìlì kan, kí ẹ sì ka orúkọ tí ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdílé Yorùbá, ọmọ kan ní orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àgbà, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ti fi èyí tí ó wù ú sínú rẹ́jísítà. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí tí ẹnì kan fi ń jẹ́ Oluwaseun lórí ìwé kan, Seun lórí èkejì, tí orúkọ àárín sì pòórá lórí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò ní Ṣáínà kò mọ̀ pé Ṣeun ni Olúwaṣeun. Lójú rẹ̀, ènìyàn méjì ni wọ́n. Ìwé ìrìnnà ni òṣùwọ̀n. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tún ìwé ìrìnnà yín ṣe kí ó bá ìwé ẹ̀rí yín mu nígbà tí àyè ṣì wà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ búra ní kóòtù, ẹ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà méjèèjì kún ìwé yín. Èmi náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí: báńkì kan níbẹ̀ to orúkọ mi lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìnnà mi, ó sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí owó ìgbọ́bùkátà mi tó rí ọ̀nà wọlé.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá to àwọn ìwé tí ó kù. Ìwé ẹ̀rí tí ó ga jù lọ tí ẹ ní àti ìwé àkójọ máàkì yín gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ nótárì. Ẹni tí kò tí ì jáde ilé ẹ̀kọ́ lè fi lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ rọ́pò ìwé ẹ̀rí, kí ó mú ojúlówó wá nígbà ìforúkọsílẹ̀. Àwọn tí ń wá oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé nílò lẹ́tà ìjẹ́rìí méjì láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n, lórí ìwé tí ó ní orúkọ yunifásítì wọn lókè. Ẹ tètè bẹ àwọn olùkọ́ yín. Ẹ mú èsì ìdánwò yín àti àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ lọ bá wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan gidi kọ. Ọmọ Nàìjíríà tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lè fi lẹ́tà yunifásítì rẹ̀ jẹ́rìí sí i ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn sì ń béèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní IELTS. Àwọn ará wa láti Kétu tàbí Sábẹ́ tí wọ́n fi Faransé kàwé ní láti ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tàbí HSK.

Ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, tí àwọn ará Èkó ń lọ gbà ní Alágbọn, kò gbọdọ̀ ti pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara, oṣù 6 péré ni ó fi ń wúlò. Kí ilé ìwòsàn kún gbogbo ojú ìlà rẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ kọjá lórí fọ́tò yín, kí dókítà sì fọwọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù tí àyè kan ṣófo lórí rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ lè gbọ́ pé Ṣáínà ti wọ àdéhùn Apostille ní oṣù Bélú 2023, tí ó mú kí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tó fún ìwé láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn yẹn. Nítorí náà, bí ilé ẹ̀kọ́ bá béèrè ìwé tí ìjọba ti fọwọ́ sí, ìwé náà yóò gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, yóò lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú Ṣáínà ní Àbújá tàbí ní Èkó. Ẹ fi oṣù kan ó kéré tán sílẹ̀ fún ìrìnkèrindò yìí.

Àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ni ìwé kan ṣoṣo tí ohùn yín fúnra yín wà nínú rẹ̀. CSC ń béèrè ọ̀rọ̀ 200 ó kéré tán fún oyè àkọ́kọ́, àti 800 fún oyè tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi ìyìn Ṣáínà kún un. Ẹ sọ ìṣòro kan pàtó tí ẹ fẹ́ wádìí, ohun tí ẹ ti ṣe nípa rẹ̀, ìdí tí yàrá ìwádìí yẹn fi jẹ́ ibi tí ó yẹ, àti bí ẹ ṣe máa ṣe é lọ́dọọdún. Ọmọ kan tí ó kọ̀wé nípa àpá tí ìkún omi ń fi sílẹ̀ ní àdúgbò bàbá rẹ̀, tí ó sì so ó mọ́ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó yàn, ni mo rí tí wọ́n dá lóhùn láàárín ọjọ́ 4.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Fún oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, ẹni tí ó bá ní lẹ́tà ìfaramọ́ láti ọ̀dọ̀ dǎoshī, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, ti fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ̀ ni kí ẹ kọ̀wé, kí àwọn ènìyàn tó lọ sí ìsinmi ọdún tuntun wọn. Ka iṣẹ́ méjì nínú ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà tẹ̀ jáde láìpẹ́, kí o sì sọ ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta ohun tí o rí níbẹ̀ àti bí iṣẹ́ tìrẹ ṣe kàn án. Ní Ṣáínà, orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣíwájú, nítorí náà Wang Xiaoming, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wang ni. Lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí 50 ènìyàn máa ń hàn lójú, kì í sì í rí èsì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fọ́ọ̀mù méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹni tí ń gba Type B gbọ́dọ̀ kún fọ́ọ̀mù CSC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tún kún ti yunifásítì náà lórí ìkànnì tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì kò sí, kò tíì béèrè nǹkan kan. Lórí fọ́ọ̀mù CSC, wọn yóò béèrè nọ́ńbà tí ó dúró fún ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn: 10001 ni ti Peking, 10003 ni ti Tsinghua, ẹ ó sì rí ti àwọn tí ó kù lójú ìkéde wọn. Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà kan kọ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni ìwé yín lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń ṣí ìlẹ̀kùn láàárín oṣù Bélú sí Ṣẹ́rẹ́, wọ́n sì ń tì í láàárín Èrèlè sí Ìgbé. Owó fọ́ọ̀mù yunifásítì sábà máa ń jẹ́ 400 sí 800 yuan, wọn kì í sì í dá a padà, nítorí náà ẹ yan ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti ronú sí dáadáa.

Nípa àwọn ejẹ́ǹtì: CSC kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń kún fọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè ta àyè rẹ̀. Mo ti rí òbí tí ó ta ilẹ̀ kí ejẹ́ǹtì lè bá ọmọ rẹ̀ “rí” ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ọmọ náà sì dé ibẹ̀ bá ọdún kan ẹ̀kọ́ èdè tí kò ní oyè kankan nídìí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo ejẹ́ǹtì, kí ọ̀rọ̀ aṣínà (password) ìkànnì náà wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ka lẹ́tà ìgbaniwọlé yín ní ìlà dé ìlà: orúkọ oyè, èdè ìkọ́ni, iye ọdún, àti ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà san.

Ìgbésẹ̀ keje: físà

Láàárín Okúdu sí Ògún ni lẹ́tà ìgbaniwọlé máa ń dé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù JW201 fún àwọn tí ìjọba Ṣáínà san owó wọn, tàbí JW202 fún àwọn tí ó kù. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ju ọjọ́ 180 lọ, físà X1 ni yóò gbà. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, X2 ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín ní físà, ẹ rí i dájú pé ojúlówó lẹ́tà ìgbaniwọlé àti fọ́ọ̀mù JW padà sọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹ tún máa lò wọ́n ní Ṣáínà. Inú àpò tí ẹ ó gbé sọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú ni kí wọ́n wà, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara, káàdì ibà pọ́njú, fọ́tò pélébé 12, àti ojúlówó ìwé ẹ̀rí. Ẹ mú owó tí ó lè gbé yín fún oṣù 2 dání, nítorí pé owó ìgbọ́bùkátà kì í yọ títí ẹ ó fi forúkọ sílẹ̀ tí ẹ ó sì ní àkáǹtì.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi WeChat sórí fóònù yín àti sórí ti ìyá yín, kí ẹ sì kọ́ ọ títí yóò fi lè pè yín fúnra rẹ̀. WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, ìyá tí kò bá gbọ́ ohùn ọmọ fún ọ̀sẹ̀ kan kò sì ní sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́

Láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá dé, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò. Hòtẹ́ẹ̀lì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì yunifásítì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Bí ó bá jẹ́ ilé ọ̀rẹ́, ẹ̀yin àti onílé ni ẹ ó jọ lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí kúrò níbi kan sí òmíràn ni ẹ ó tún un ṣe.

Físà X1 fúnra rẹ̀ kò fún yín láṣẹ láti máa gbé níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ bá wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò. Ṣáájú èyí, ilé ìwòsàn ìjọba yóò yẹ àyẹ̀wò ara yín wò tàbí kí wọ́n tún un ṣe, nítorí náà ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹrin. Owó ìwé ìgbélùú jẹ́ 400 yuan fún ọdún kan, àti 800 fún ọdún kan sí mẹ́ta. Ìwé ìrìnnà yín yóò wà lọ́wọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọn yóò fún yín ní ìwé tí ó dúró fún un. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí àkókò kọjá lórí rẹ̀ lè san owó ìtanràn 500 yuan lójúmọ́, títí dé 10,000, wọ́n sì lè tì í mọ́lé. Adójútòfò ìlera jẹ́ dandan. 800 yuan lọ́dún ni ẹni tí ń san ti ara rẹ̀ yóò san. Lẹ́yìn èyí ni síìmù fóònù, àkáǹtì báńkì, àti síso káàdì mọ́ WeChat tàbí Alipay, nítorí pé lórí fóònù ni a ti ń san owó ohun gbogbo, dé orí ewébẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bí ẹ ó ṣe máa gbé

Òtútù ni ó ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ẹ rò ni ó ti ń pa ènìyàn jù. Ní ìhà àríwá, bíi Harbin tí oṣù Ṣẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo, ìjọba ń fi ooru ránṣẹ́ sí gbogbo ilé jálẹ̀ ìgbà òtútù, inú yàrá sì ń móoru. Ní gúúsù odò Huai, bíi Nanjing àti Wuhan, kò sí ètò yìí ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀rinrin sì wà nínú òtútù náà. Ibẹ̀ ni mo ti wọ kóòtù sùn. Ẹ ra aṣọ òtútù yín ní Ṣáínà, ó dínwó níbẹ̀, ó sì bá ojú ọjọ́ wọn mu.

Àwọn Mùsùlùmí yóò rí ilé oúnjẹ qīngzhēn, ìyẹn halal, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì. Ìjọsìn ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n òfin kò gba ìpàdé àdúrà tàbí ìwàásù láàyè nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má ṣe dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ó ti wù kí ọkàn yín mọ́ tó.

Nípa iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ kò fàyè gba iṣẹ́ àyàfi bí yunifásítì bá fọwọ́ sí i tí ọlọ́pàá sì kọ ọ́ sórí ìwé náà. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọ̀rọ̀, tàbí tí ó ń bá àwọn ará ilé ra ọjà ránṣẹ́ láti Guangzhou, lè san ìtanràn 5,000 sí 20,000 yuan, kí wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15 bí ọ̀rọ̀ bá le. Àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n wà ní Xiaobei, àdúgbò kan ní Guangzhou, ní físà òwò. Tiyín kì í ṣe òwò.

Nínú ẹ̀kọ́, 60 ni máàkì ìyege ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. CSC ń yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ó sì lè dá owó dúró fún ẹni tí èsì rẹ̀ kò dára tàbí tí kì í wá sí kíláàsì. Ti oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé ní ibodè tirẹ̀: kāití, níbi tí ẹ ó ti gbèjà ohun tí ẹ fẹ́ wádìí, àyẹ̀wò àárín ọ̀nà, kọ̀ǹpútà tí yóò wò bóyá ẹ jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, àwọn olùyẹ̀wò tí wọn kò mọ orúkọ yín, lẹ́yìn náà dábiàn, ìgbèjà ìkẹyìn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ béèrè iye àròkọ ìwádìí tí ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ jáde àti ìpele HSK tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó fún yín ní oyè. Mo mọ ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún kẹta.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: kí ẹ tó padà

Ìwé ẹ̀rí méjì ni yunifásítì Ṣáínà ń fúnni: ọ̀kan sọ pé ẹ ti parí ẹ̀kọ́, èkejì sọ pé ẹ ti gba oyè. Ọ̀kan kò lè dúró fún èkejì, ẹ má ṣe kúrò láìgba méjèèjì. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àkójọ máàkì tí ó ní òǹtẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní èdè Ṣáínà, ó kéré tán márùn-ún. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí méjèèjì lọ sí gōngzhèngchù, ọ́fíìsì nótárì wọn, kí ó gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Ṣáínà dé ọ̀dọ̀ aṣojú Nàìjíríà ní Beijing, Shanghai tàbí Guangzhou, nítorí pé àtiṣe èyí láti Ìbàdàn lè gba oṣù púpọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 30 nígbà tí ó gboyè yóò lò wọ́n fún NYSC. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú yín yóò parí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba gbogbo owó yín kúrò ní báńkì kí ẹ tó pa nọ́ńbà fóònù yín rẹ́, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni báńkì fi ń mọ̀ yín.